Ṣílè márùn-ún ọdún 1909: ṣé “iye” ni àbí “iyì”?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹnì kan láàárín wa tó ń túmọ̀ ìwé lórí owó àgbà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bi wá níjẹta pé kí la máa kọ fún ohun tí 5/- (ṣílè márùn-ún) àtijọ́ jẹ́ lóde òní. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní ká kọ “iye rẹ̀ lónìí”, ó parí. Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi, kò tíì parí.

Ẹ jẹ́ ká mú owó yẹn gan-an. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1909 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó fáwọn aláìní tó ti pé àádọ́rin ọdún. Ẹni tó bá gbà á kún, ṣílè márùn-ún ni lọ́sẹ̀, nílé ìfìwéránṣẹ́. Èló ni lónìí? Pẹ́nì 25 ni, torí láti 15 oṣù kejì 1971, pọ́n-ùn tó jẹ́ ogún ṣílè di ọgọ́rùn-ún pẹ́nì tuntun. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọjà ṣe wọ́n sí i látìgbà náà: ohun tí ṣílè márùn-ún rà nígbà yẹn á gbà tó pọ́n-ùn 25 sí 30 báyìí. Arúgbó tó sì ń gba owó ìfẹ̀yìntì tuntun tìjọba ní kíkún níbẹ̀ lónìí, ó ń gbà ju 200 pọ́n-ùn lọ lọ́sẹ̀. Èwo wá ni “iye rẹ̀” nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?

Pẹ́nì 25 yẹn nìkan ni mo lè pè ní iye, torí ìṣirò lásán ni. Ìyókù, iyì ni. Màmá mi ò sọ ọ́ rí pé “iye náírà lọ sílẹ̀”; “owó ò níyì mọ́” ló máa ń wí, tó bá ti ọjà dé tí apẹ̀rẹ̀ ò kún. Tí olùtumọ̀ bá fẹ́ yà wọ́n sọ́tọ̀, kó kọ “iyì lọ́jà” fún ti pọ́n-ùn 25 sí 30, kó kọ “iyì láwùjọ” fún ìkẹta. Ẹni tó bá ní èyí tó dùn ún sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó mú un wá.

Ẹlòmíì tún dá a lábàá pé ká kọ ṣílè márùn-ún náà ní “60 kọ́bọ̀”. Háà! Lóòótọ́, kọ́bọ̀ ni wọ́n ń pe pẹ́nì láyé àwọn òbí wa, ṣílè kan sì jẹ́ kọ́bọ̀ méjìlá, kọ́bọ̀ tó níhò láàárín tí wọ́n ń fi okùn sín bí owó ẹyọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí náírà dé lọ́jọ́ kìíní ọdún 1973, náírà méjì fún pọ́n-ùn kan, ṣílè márùn-ún yẹn kan náà di 50 kọ́bọ̀. Ọgọ́ta kọ́bọ̀ láyé àtijọ́, àádọ́ta láyé náírà, owó kan náà! Èèyàn wa ò tiẹ̀ yí ẹnu padà nígbà náà: 10 kọ́bọ̀ ni wọ́n ń pè ní ṣílè, 5 kọ́bọ̀ ni sísì (pẹ́nì mẹ́fà àtijọ́). Tọ́rọ́, ìyẹn pẹ́nì mẹ́ta àtijọ́, nìkan ló jìyà, nítorí kọ́bọ̀ méjì ààbọ̀ ni ì bá jẹ́, kò sì sí ẹyọ owó tó bá a mu, ẹnu ẹni tí ò lówó ló kù sí: “mi ò ní tọ́rọ́.” Títí dòní, ẹ bi ìyá tó ń ta èlùbọ́ ní Bódìjà, tó bá ní “àpò márùn-ún”, ẹgbẹ̀rún náírà ló ń wí. Ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn ló ń jẹ́ àpò kan tẹ́lẹ̀, òun ló di igba náírà.

Nítorí náà, “pẹ́nì àtijọ́” ni kí olùtumọ̀ wa kọ, kó fi kọ́bọ̀ sílẹ̀. Lẹ́tà d tó máa rí lẹ́yìn iye pẹ́nì nínú ìwé náà, kó má ṣe dààmú lé e lórí. Dẹ̀nárì, owó àwọn ará Róòmù àtijọ́, ni wọ́n gé kúrú.

Gíní ló kù tí mi ò rí ọ̀nà sí. Ṣílè mọ́kànlélógún ni, “pọ́n-ùn kan lé ṣílè kan” sì gùn jù lẹ́nu. Tí àwọn àgbà ládùúgbò yín bá ní orúkọ tí wọ́n ń pè é, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ṣọwọ́.