Ọ́ìlì wo ló yẹ Ìjàpá 1976?

Ọmọ Onímọ́tò: Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú àárọ̀ o. Ìjàpá bàbá mi, Volkswagen 1500 ti ọdún 1976, ni mo fẹ́ ṣe sáfíìsì fún. Ó pẹ́ díẹ̀ tó ti wà nílẹ̀. Tó bá tutù, kò sí wàhálà. Àmọ́ bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá ká wa mọ́ títì, tí ẹ́ńjìnì gbóná, iná ọ́ìlì á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Ọlọ́jà ní kí n ra ọ́ìlì 5W-30 tó jẹ́ synthetic (ọ́ìlì àtọwọ́dá), pé òun ló wọ́n jù, òun náà ló dára jù. Ṣé òótọ́ ni?

Bàbá Gáréèjì: Ọjà rẹ̀ ló ń polówó. Ìjàpá ò lo omi, kò ní ráńdíétọ̀. Afẹ́fẹ́ àti ọ́ìlì ló ń tu ẹ́ńjìnì rẹ̀ lára, ọ́ìlì ọ̀hún ò sì ju lítà 2.5 lọ. 5W-30 á ti ṣàn jù nínú ooru tiwa yìí. 20W-50 lásán, tó ki jù ú lọ, ni kí o rọ sí i. Bí o ò bá rí i, SAE 40 tí a ń lò láyé ọjọ́sí náà á ṣiṣẹ́.

Ìyá Ìbejì: Bàbá, mo wà lẹ́yìn yín. Ti síńkì náà ńkọ́? Tápẹ́ẹ̀tì Ìjàpá, irin kékeré tó ń ti fáàfù, ò ní rólà, ara camshaft (ọ̀pá tó ń yí láti ṣí fáàfù) ló ń ha, síńkì inú ọ́ìlì ni ò jẹ́ kí wọ́n jẹ ara wọn. Wọ́n ti dín in kù nínú 5W-30 tòde òní, kó má ba kátálítíìkì, ohun tó ń fọ èéfín ọkọ̀ tuntun, jẹ́. Ìdínkù yẹn ò kan 20W-50.

Dẹ́rẹ́bà Ifẹ̀: 15W-40 ti ọkọ̀ dísù lèmi ń rọ sí tèmi, kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ti inú dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n ń wọ̀n ta létí títì ni kó o sá fún.

Ọmọ Onímọ́tò: Ẹ ṣé gan-an. Tí mo bá wá pààrọ̀ ọ́ìlì, ṣé iná yẹn á dẹ́kun?

Bàbá Gáréèjì: Àbúrò, fa gééjì, irin tí a fi ń wọn ọ́ìlì, yọ ná, kó o gbóòórùn rẹ̀. Bó bá ń rùn bíi pẹtiróòlù, tàbí tí ọ́ìlì ga ju ààmì òkè lọ láìjẹ́ pé o bù kún un, rọ́bà inú pọ́ǹpù pẹtiróòlù ló ti ya, epo sì ń jò sínú ọ́ìlì. Kò sí ọ́ìlì tó lè gbà ọ́ lọ́wọ́ ìyẹn. Tún pọ́ǹpù ṣe kó o tó ra ohunkóhun.

Ìyá Ìbejì: Ìjàpá ò sì ní fílítà ọ́ìlì o! Asẹ́ onírin ló wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì, nọ́ọ̀tì 6 ló dì í mú. Fọ asẹ́ náà, pààrọ̀ gáásikẹ́ẹ̀tì rẹ̀ méjèèjì. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí mẹkáníìkì fi gbogbo agbára dè é. Nọ́ọ̀tì kéékèèké ni wọ́n. Bójú wọn bá yọ̀ pẹ́nrẹ́n, ọ́ìlì á máa kán sílẹ̀ ni.