Báwo lẹ ṣe ń fi pásíwọọ̀dù ti fódà wẹ́ẹ̀bù lórí IBM i?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ilé-iṣẹ́ alágbàtà ọjà kan ní Adó-Èkìtì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, IBM i, ìyẹn ètò tó ń darí àwọn kọ̀ǹpútà sáfà ti IBM, la sì ń lò. Fódà kan wà lórí HTTP Server rẹ̀, ìyẹn Apache tó ń gbé ojú-ìwé wẹ́ẹ̀bù jáde, tí àkọsílẹ̀ gbèsè àwọn oníbàárà wà nínú rẹ̀. Mo fẹ́ kó máa béèrè orúkọ àti pásíwọọ̀dù kó tó ṣí.

Bí mo bá kọ PasswdFile %%SYSTEM%% sínú ìṣètò Apache, orúkọ tí òṣìṣẹ́ fi ń wọ ẹ̀rọ náà gan-an ni yóò máa lò. Ìyẹn ń bà mí lẹ́rù gidi. Basic, ọ̀nà tí Apache fi ń béèrè orúkọ àti pásíwọọ̀dù, kì í dáàbò bo pásíwọọ̀dù, base64 lásán ni, ìyẹn àkọyípadà tí ẹnikẹ́ni lè tú. Bí kò bá sí TLS tó ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ lójú ọ̀nà, ẹni tó bá ń ṣọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti rí kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé nìyẹn. Validation list, àkójọ orúkọ àti pásíwọọ̀dù tó dá dúró, tí a ń fi àṣẹ CRTVLDL dá sílẹ̀, ni ọkàn mi ń fà sí, torí àwọn oníbàárà wa ní Ìjerò àti Ìdó kò ní user profile (orúkọ ìwọlé lórí ẹ̀rọ náà), n kò sì fẹ́ ṣí i fún wọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, báwo lẹ ṣe ń ṣe é bí oníbàárà bá gbàgbé pásíwọọ̀dù? Ṣé inú httpd.conf, fáìlì ìṣètò gbogbo sáfà, ni kí n kọ ìṣètò pásíwọọ̀dù yìí sí, àbí .htaccess, fáìlì ìṣètò inú fódà náà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ.