Omi Àlùwàlá Tí Mo Pọn

Ẹ kú iṣẹ́ ìgbàgbọ́, ẹ̀yin ará. Láti ìgbà tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìrírí yín nípa iṣẹ́ rere ni mo ti fẹ́ sọ tèmi, ṣùgbọ́n ohun méjì ni ó dá mi dúró. Èkínní ni pé ìtàn mi kò ní iṣẹ́ ìyanu kankan nínú. Èkejì ni pé bàbá mi, tí ó kọ́ mi ní ìwọ̀nba ohun tí mo mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí, kò fẹ́ kí ènìyàn máa ròyìn oore. Mo wá pinnu pé n ó sọ ọ́, nítorí pé àṣìṣe tèmi ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, kò sì sí òfin tí ó ní kí a fi àṣìṣe pamọ́.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ń gbé, iṣẹ́ aránṣọ ni mo ń ṣe, díákónì sì ni mí nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi kan. Gánà ni wọ́n bí mi sí. Àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó gbé ìjọ Onítẹ̀bọmi dé ọ̀pọ̀ ìlú níbẹ̀, bàbá mi sì wà nínú wọn, títí di oṣù kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti fi kúrò ní ìlú. Ọmọ ọdún márùn-ún ni mí nígbà náà. Ẹ̀rọ ìránṣọ kan àti àpótí aṣọ méjì ni bàbá mi gbé wọ Ògbómọ̀ṣọ́. Fún bí ọdún kan ààbọ̀, ẹnìkan nínú ìjọ ń san owó yàrá tí a ń gbé, onílé àti bàbá mi nìkan ni ó sì mọ ẹni náà. Nígbà tí a dàgbà, tí a ń yọ bàbá mi lẹ́nu kí ó dárúkọ rẹ̀, ó ní, "Ó bẹ̀ mí pé kí n má dárúkọ òun. Ṣé ẹ fẹ́ kí n jẹ ẹ́ ní gbèsè lẹ́ẹ̀mejì ni?" Kò dárúkọ rẹ̀ títí ó fi kú.

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa, ṣùgbọ́n kò wọ̀ mí lára. Ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi, a kọ́ ọ sórí bí ẹni kọ́ orin pé 1855 ni Bowen, ajíhìnrere òyìnbó Amẹ́ríkà, wá dúró sí ìlú wa, pé 1898 ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùṣọ́-àgùntàn bẹ̀rẹ̀, àti pé 1907 ni Dókítà Green dé tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú aláìsàn. Mo fi bẹ́ẹ̀ dàgbà pẹ̀lú èrò pé ogún ni ìgbàgbọ́ jẹ́ fún wa, bí ilé tí àwọn bàbá ti kọ́ sílẹ̀, tí ó kù kí ọmọ máa gbé inú rẹ̀.

Ní ìjọ wa, àwa ọkùnrin máa ń lọ sí ilé ìwòsàn ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kejì nínú oṣù. A ó gbé búrẹ́dì, ọṣẹ àti ìwé àṣàrò kúkúrú dání, a ó kọrin kan ní ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, a ó gbàdúrà fún ẹni tí ó bá fẹ́, a ó sì ya fọ́tò kí a tó padà, nítorí pé akọ̀wé ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ fi í sínú ìròyìn ọdún. N kò fi í ṣe ẹ̀sín o. Ó ní ẹni tí ó jẹ́ pé búrẹ́dì yẹn ni oúnjẹ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ kì í ju ogójì ìṣẹ́jú lọ.

Ní ọ̀kan nínú irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni a dé ọ̀dọ̀ bàbá arúgbó kan tí ó já bọ́ láti orí igi irú. Egungun itan rẹ̀ ni ó kán, wọ́n fi okùn so nǹkan wúwo mọ́ ẹsẹ̀ náà kí egungun lè tò, kò sì lè dìde rárá. Abúlé kan lójú ọ̀nà Ìkòyí-Ilé ni ó ti wá, ọmọ kan ṣoṣo tí ó kù fún un sì ń ṣòwò ní Jọ́ọ̀sì. Nígbà tí mo bi í pé àdúrà wo ni kí a bá a gbà, ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Ẹ gba èyí tí ó bá wù yín. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá mi fọ aṣọ tí mo tọ̀ sí yìí?"

Ẹni tí ó bá ti tọ́jú aláìsàn rí ní ilẹ̀ wa mọ ohun tí ó ń sọ. Nọ́ọ̀sì kò lè ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹbí ni ó ń pọn omi, tí ó ń fọ aṣọ, tí ó ń sáré lọ ra abẹ́rẹ́ àti oògùn, tí ó sì ń sùn sórí ẹní ní ìta wọ́ọ̀dù. Ẹni tí kò bá ní ẹbí nítòsí, ojú àánú àwọn tí ó wá tọ́jú ẹlòmíràn ni yóò máa wò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ nípa ohun tí ó gbé mi padà lọ ní ọjọ́ kejì. Kì í ṣe ìfẹ́. Ìtìjú ni, àti ohun kan tí ó burú ju ìtìjú lọ: mo ti ń ro bí ẹ̀rí tí n ó jẹ́ nínú ìjọ ní ìparí ọdún yóò ṣe dùn tó, pé díákónì kan fọ aṣọ Mùsùlùmí arúgbó títí ó fi gba Jésù. Mo ti mọ orin tí n ó fi bẹ̀rẹ̀ pàápàá.

Kò sí ẹni tí ó sọ fún bàbá náà pé ó wà nínú ẹ̀rí mi. Ohun gbogbo ni ó ń ṣàròyé lé lórí: omi gbóná jù, ọṣẹ kò hó, ọwọ́ líle ni mo fi nu ẹ̀yìn òun. Ní ọjọ́ kan tí mo ká aṣọ rẹ̀ wọlé, ó nà án sójú ìmọ́lẹ̀, ó ní, "Aránṣọ, ṣé báyìí ni o ṣe ń ṣe aṣọ oníbàárà rẹ?" Inú bí mi. Èmi tí mo ń gbààwẹ̀ ní Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì, èmi tí mo ti há ìwé Jákọ́bù sórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì mi, n kò sì dé ibẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí mo padà, mo bá ìyàwó ọkùnrin tí ó wà lórí béèdì kejì tí ó ń fọ aṣọ bàbá mọ́ ti ọkọ rẹ̀, ọmọ ọwọ́ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, bàbá." Mo mọ̀ pé kíkí lásán ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta náà gan-an ni.

Àwa Onítẹ̀bọmi fẹ́ràn Efésù orí kejì, ẹsẹ kẹjọ àti ìkẹsàn-án, pé oore-ọ̀fẹ́ ni a fi gbà wá là, kì í ṣe nípa iṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣògo. Òtítọ́ tí mo dúró lé ni. Ṣùgbọ́n ẹsẹ kẹwàá tí ó tẹ̀ lé e, tí ó ní a dá wa nínú Kristi Jésù fún iṣẹ́ rere tí Ọlọ́run ti pèsè sílẹ̀ kí a máa rìn nínú rẹ̀, a kì í sábà kà á dé ibẹ̀. Èmi a máa kà á dé ibẹ̀, àmọ́ mo rò pé iṣẹ́ tí Ọlọ́run bá pèsè fún mi yóò jẹ́ èyí tí ó bá ìwà mi mu. N kò mọ̀ pé ó lè jẹ́ èyí tí yóò máa fi ìwà mi hàn mí ní àràárọ̀. Sùúrù tí mo rò pé mo ní, àìrí ẹni tí yóò mú mi bínú ni.

Ọ̀rọ̀ omi àlùwàlá ni ó wá dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Bàbá náà ní kí n bá òun pọn omi sínú bùta, kí òun lè fi ṣe àlùwàlá kí òun tó kírun lórí béèdì. Mo dúró fún ìgbà díẹ̀ kí n tó gbé bùta náà. Ẹnìkan nínú ìjọ wa tí ó wá kí aláìsàn tirẹ̀ rí mi, ọ̀rọ̀ sì di ti ìpàdé àwọn díákónì, pé a kò yan díákónì láti máa pọn omi ẹ̀sìn ẹlẹ́sìn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi sọ ọ́, ó pẹ́ ju ọ̀rọ̀ owó páànù òrùlé lọ. Àwọn tí ó ta kò mí kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹ̀rù Ọlọ́run ni ó ń bà wọ́n, n kò sì fi ojú tín-ín-rín wò ó. Mo tọ olùṣọ́-àgùntàn wa lọ pé kí ó dá ẹjọ́ náà. Kò dá a. Ó ní kí n lọ bi ara mi léèrè bóyá bàbá náà ni mo ń pọn omi fún ni, àbí ẹ̀rí ìparí ọdún mi. N kò sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rí náà fún un rí; títí di òní, n kò mọ bí ó ṣe mọ̀.

Mo ń pọn omi náà lọ. Bí bàbá bá ń kírun, n ó dúró ní ẹnu ọ̀nà, èmi náà a sì máa gba àdúrà tèmi ní orúkọ Jésù. N kò fi ìgbàgbọ́ mi pamọ́ fún un. Ó bi mí léèrè ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo ṣàlàyé, ó fara balẹ̀ gbọ́, ó ní òun ti gbọ́, ó sì ní kí n bá òun yí ìrọ̀rí padà.

Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni ó lò. Ní ọjọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀, ọmọ rẹ̀ ti Jọ́ọ̀sì dé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sì na owó sí mi. Mo ní n kò gbà. Bàbá ní, "Gbà á, aránṣọ, ọṣẹ kì í ṣe ọ̀fẹ́." Mo gbà á, mo sì fi ra ọṣẹ fún àwọn tí ó kù nínú wọ́ọ̀dù náà. Bí wọ́n ti ń gbé e sínú ọkọ̀ ni ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ìfọṣọ mi ti ń dára díẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ìyìn tí ó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀.

Ìparí ọdún dé, wọ́n pè mí kí n wá jẹ́rìí. Mo dìde, mo ní kí wọ́n bá mi dúpẹ́ pé mo wà láàyè, mo sì jókòó. Ìyàwó mi wò mí bí ẹni pé ara mi kò yá. Bàbá mi ni mo ń rò, àti ẹni tí ó san owó yàrá wa. Láti ibẹ̀ ni ọkàn mi ti lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ kò tíì bára wa sọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́fà nítorí ilé tí bàbá wa kọ́ kí ó tó kú. Mo ti fọ aṣọ àlejò fún ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá, mo sì ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá kí n má baà gba iwájú ilé àbúrò mi.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, mo gba iwájú ilé náà. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ni ó rán yín wá?" Mo ní kò sí ẹni tí ó rán mi. Ó wọlé, ó gbé àga kejì jáde. A kò tíì parí ọ̀rọ̀ ilé náà o. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ni a tún jiyàn lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ni a ti jiyàn, lẹ́yìn tí ìyàwó rẹ̀ ti gbé àmàlà fún wa.