Ìdáhùn: Àfòmọ́ tàbí afòmọ́? Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìtọ̀ ná

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Mo ti ń ka ìjà yìí láti ìparí ọ̀sẹ̀, mo sì panu mọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí Alàgbà wa tó ń kọ̀wé láti Ìbàdàn fi ránṣẹ́ lánàá kò ṣeé gbé mì. Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ọ̀dọ́mọkùnrin kan láàrin wa ń túmọ̀ ìwé pélébé kan fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó ń lọ sí abúlé etí odò. Gbogbo kòkòrò tó ń gbé inú ara èèyàn jẹun ló pè ní "àfòmọ́", orúkọ ewéko tó ń hù lórí igi mìíràn. Wíwá wọn rí, ó pè é ní "àwárídìí àfòmọ́". Làpálàpá àti àwọn ẹbí rẹ̀, ó kó gbogbo wọn sábẹ́ "àrùn olú". Alàgbà wá bu ẹnu àtẹ́ lù ú pé ohùn ìsàlẹ̀ iwájú "àfòmọ́" kò tọ̀nà, ohùn àárín ló yẹ, "afòmọ́", nítorí pé a- ni ti ẹni tó ṣe nǹkan, à- sì ni ti ohun tí a ṣe. Ó to apẹja, akọ̀wé àti adájọ́ sọ́tùn-ún, ó to àkọsílẹ̀, àlàyé àti àbọ̀ sósì. Ó ní ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí, kó lọ jókòó.

Alàgbà, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìbéèrè kan péré ni mo ní. Ta ló fò nínú àfòpiná? Ṣé iná ló fò ni? Àfòpiná tó ní òun yóò pa fìtílà, òun fúnra rẹ̀ ló fò, òun ló fẹ́ pa iná, òun náà ló bá a lọ. Síbẹ̀ ohùn ìsàlẹ̀ ni gbogbo wa fi ń pè é. Tó bá jẹ́ pé òfin yín kò yọ ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ tún "àrùn" ṣe, kẹ́ ẹ sọ ọ́ di "arùn", torí àrùn ló ń ṣe èèyàn, èèyàn kọ́ ló ń ṣe é. Àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ń fi àdá gé àfòmọ́ kúrò lórí igi kòkó kò kàwé nípa ohùn, ẹnu wọn sì mọ ibi tó ń lọ.

Ohun tó ń bí èmi nínú yàtọ̀ sí ti ohùn. Ọ̀rọ̀ náà ti níṣẹ́ lọ́wọ́. Lóko, ọ̀tá kòkó ni. Lọ́dọ̀ ẹlẹ́wé ọmọ, ọjà ni: àfòmọ́ orí orógbó, àfòmọ́ orí obì, owó gidi ni wọ́n fi ń rà á, wọ́n sì ń fi ṣe oògùn. Lọ́dọ̀ àwa tí à ń jà níbí, àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti àfòmọ́ àárín la fi ń kọ́ ọmọ ní gírámà. Ẹ wá wo òṣìṣẹ́ ìlera tó dúró lábẹ́ igi láàrin abúlé, tó ní, "A wá wá àfòmọ́ lára yín." Ìyá ẹlẹ́wé ọmọ yóò ní òun ní i nílé, èló ni wọ́n fẹ́ rà?

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Àwọn àgbà ní àfòmọ́ kò ní gbòǹgbò, igi gbogbo ló ń bá tan. Àlejò ni àfòmọ́. Aràn kì í ṣe àlejò lójú àwọn ìyá wa. Ìyá tó bí ìyá mi gbà pé kò sẹ́ni tí kò ní aràn nínú, pé aràn ló ń bá ikùn lọ oúnjẹ, àfi tó bá pọ̀ jù tàbí tó bá kúrò ní àyè rẹ̀ ló di àrùn. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo ní ìyá àgbà mọ̀ ju dókítà lọ. Aràn kan wà tó ń gba awọ àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé, tó ń fa ẹ̀jẹ̀ ọmọ títí ojú ọmọ yóò fi funfun, kò sí oúnjẹ tí ìyẹn ń bá ẹnikẹ́ni lọ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó bá fẹ́ bá irú ìyá bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, ibi tí ìyá dúró sí ni yóò ti bẹ̀rẹ̀: aràn yìí ti pọ̀ jù, ó ti kúrò láyè rẹ̀. "Àfòmọ́" kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

Mo ti jókòó sídìí máíkírósíkóòpù kí n tó di ẹni tó ń ṣàríyànjiyàn lórí àmì ohùn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan wá. Àtọ̀sí ajá, àrùn tí kòkòrò inú omi fi ń mú ẹ̀jẹ̀ bá ìtọ̀ ọmọ jáde. Ẹ mú àwọn ọmọ tó ń wẹ̀ nínú omi dáàmù Ọ̀yán, lẹ́bàá Abẹ́òkúta. Ìgbín omi ló ń tọ́jú kòkòrò náà kó tó bọ́ sínú omi, kó tó gba awọ ọmọ wọlé. Ẹyin rẹ̀ ló ń bá ìtọ̀ jáde, kì í sì í jáde bákan náà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Láàrin aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán ló ń pọ̀ jù. Ọmọ yóò sáré díẹ̀ tàbí kó fò sókè fò sílẹ̀ kó tó tọ̀, ìtọ̀ tó kẹ́yìn ló sì wúlò jù. A ó gbọn ìgò náà dáadáa, torí ẹyin máa ń rọ̀ sísàlẹ̀. A ó fa mílílítà 10, a ó tì í gba inú asẹ́ pélébé kan tí ihò rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ìtọ̀ á kọjá tí ẹyin á kù. Lábẹ́ awò, ẹyin náà gùn, ó mọ́ bíi gíláàsì, ẹ̀gún ṣóńṣó kan sì wà ní ìdí rẹ̀. Èkejì rẹ̀ tó ń bá ìgbẹ́ jáde, ẹ̀gbẹ́ ni ẹ̀gún tirẹ̀ wà. Ibi tí ẹ̀gún wà ni ẹ̀rí wà.

Ẹ jọ̀ọ́, nínú gbogbo èyí, ibo ni "àwárídìí àfòmọ́" ti ran ìyá ọmọ lọ́wọ́? Bó bá gbé ìtọ̀ aago mẹ́fà ìdájí wá, a lè má rí nǹkan kan, a ó ní ọmọ rẹ̀ ò ṣàìsàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n pe àyẹ̀wò náà ní "àyẹ̀wò ìtọ̀ ọ̀sán", kí orúkọ fúnra rẹ̀ sọ ohun tí wọn yóò mú wá àti ìgbà tí wọn yóò mú un wá. Ti jàbùtẹ̀, àrùn tó ń mú ẹsẹ̀ wú ràbàtà, mo ní "àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ òru". Ọmọ kòkòrò jàbùtẹ̀ tiwa kì í jáde sínú ẹ̀jẹ̀ etí awọ lọ́sàn-án. Láàrin aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago méjì òru ló ń jáde, torí àkókò tí ẹ̀fọn ń jẹni nìyẹn, ẹ̀fọn ló sì ń gbé e kiri. Aràn tó ń rìn kọjá lójú èèyàn, ọ̀sán gangan ni tirẹ̀, torí eṣinṣin ọ̀sán ló ń gbé e.

Arákùnrin wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi mí ṣẹlẹ́yà pé "ẹ̀jẹ̀ òru" dà bí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ṣe oògùn owó, pé gbogbo abúlé ni yóò sá. Bóyá ni. Ṣùgbọ́n tí ẹ kò bá sọ fún wọn pé òru ni, tí ẹ wá lọ kan ilẹ̀kùn wọn ní aago mọ́kànlá alẹ́ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, kí lẹ rò pé wọn yóò rò? Ní báyìí, ìdánwò olójú-ẹsẹ̀ kan ti wà tí a lè fi ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ ọ̀sán ṣe, torí kì í ṣe ọmọ kòkòrò ni ó ń wá bí kò ṣe ohun tí kòkòrò àgbà ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí "ẹ̀jẹ̀ òru" fẹ̀yìn tì láìpẹ́. Tógò ló kọ́kọ́ rẹ́yìn jàbùtẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣòro gbogbo ìlú ní ìhà ìsàlẹ̀ Sàhárà, lọ́dún 2017. Àwọn ará wa Ifẹ̀, tí èdè wọn bá Yorùbá tan, wà ní Atakpamé níbẹ̀, mo sì ti ń bẹ̀bẹ̀ tipẹ́tipẹ́ pé kí ẹnìkan bá wa bi wọ́n ní orúkọ tí wọ́n fi pe àyẹ̀wò yẹn.

Arákùnrin yìí kan náà ló fẹ́ ká pa "àtọ̀sí ajá" tì. Ó ní àtọ̀sí ni ti àwọn tó ń ṣe ìṣekúṣe, ojú yóò ti òbí, wọn kò ní mú ọmọ wá. Ó fẹ́ "ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀" dípò rẹ̀. Mo mọ̀ pé ojú ń tì wọ́n. Ṣùgbọ́n ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ kì í ṣe àrùn, àmì ni. Ẹ̀jẹ̀ lè wà nínú ìtọ̀ kí ojú má rí i, àfi ká ki ọ̀pá ìdánwò bọ̀ ọ́. Ọmọbìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù lọ́wọ́ ńkọ́? Nínú orúkọ tó kórìíra yẹn, "ajá" gan-an ló ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń sọ fún ìyá pé èyí kì í ṣe ti panṣágà, ti ọmọdé etí odò ni. Ẹ fi ajá sílẹ̀ síbẹ̀, kẹ́ ẹ pariwo rẹ̀ dáadáa.

Ó kan "olú". Ọ̀dọ́mọkùnrin, mo mọ̀ pé olú inú igbó lo ní lọ́kàn, pé ẹbí kan náà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n tí nọ́ọ̀sì bá sọ fún Ìyá Olú pé àrùn olú ló wà lórí ọmọ rẹ̀? Olú hù, a já a, a sè é jẹ, ó dùn. Ohun tó ń jẹ orí ọmọ, ohun tó ń mú búrẹ́dì bu ló bá tan. Ọ̀rọ̀-ìṣe wa wà níbẹ̀, "bu", ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní "àrùn abuni", kí Alàgbà sì fi ohùn tó bá wù ú sí i. Kódà kò pọn dandan kẹ́ ẹ dárúkọ kankan fún làpálàpá, tó ti lórúkọ. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe: a ó fi abẹ ha ìpẹ́ díẹ̀ ní etí ibi tó ti ń ràn, a ó kán oògùn tó ń jẹ ìpẹ́ sí i, a ó dúró kí ìpẹ́ yọ́, fọ́nrán tó bá ṣẹ́kù ni ọ̀daràn. Ibi tí ọ̀rọ̀ tuntun ti jẹ́ dandan ni ti inú ẹ̀dọ̀fóró, tí ikọ́ rẹ̀ jọ ikọ́ ẹ̀gbẹ títí wọn yóò fi fún èèyàn ní oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ tí kò ní bá a mu. Àjọ Ìlera Àgbáyé to oríṣi 19 lára àwọn abuni tó ń fa àrùn lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lọ́dún 2022 pé kí ayé mójú tó wọn. Èmi ò tíì rí orúkọ Yorùbá tí a fún wọn, a sì wà níbí tí à ń bá ohùn ìsàlẹ̀ jà.

Ẹ rántí sòbìà, aràn gígùn tó ń dá egbò sí èèyàn lára tó bá ń yọ jáde. Nígbà tí wọ́n ka iye àwọn tó ní in ní Nàìjíríà ní 1988 sí 1989, ó lé ní 650,000. Abúlé sí abúlé ni wọ́n ń rìn, wọn ò dá ọ̀rọ̀ tuntun kankan sílẹ̀, "Ta ló ní sòbìà nílé yìí?" ni wọ́n ń bèèrè, torí àwọn tó ń sọ pé bí sòbìà yóò bá dégbò, olúgànbẹ là á ké sí, mọ̀ ọ́n bí wọn kò tilẹ̀ mọ̀wé kà. Lọ́dún 2013 ni wọ́n fún wa ní ìwé ẹ̀rí pé ó ti tán.

Ó ku ẹni tó kọ̀wé láti Kétu pé "inárun" kì í ṣe ọ̀rọ̀ Yorùbá. Èyí tí ẹ̀ ń sọ nípa ibi tí wọ́n ti yá a, ẹ mú ẹ̀rí wá. Inárun ni àwọn èèyàn wa ń pe ara yíyún tí eṣinṣin etí odò ń fà, tí awọ fi ń hunjọ bí ti arúgbó. A máa ń bẹ́ awọ bíńtín níbàdí, a ó fi sínú omi iyọ̀, ọmọ kòkòrò á máa wẹ̀ jáde lójú wa. Tí kì í bá ṣe inárun, kí ni ẹ̀ ń pè é ní Kétu?