Kọnkéré tuntun tó ń sán: ṣé omi nìkan tó?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin bíríkìlà àti ẹnjiníà ilé yìí. Kọnkéré tí a dà sójú ọ̀nà àbáwọlé wa kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí tipa tó ń kó yanrìn fún aládùúgbò wa fi bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́. Ó ti ń sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tín-ín-rín bí irun orí.

Mo mọ̀ pé kọnkéré tí kò tíì pẹ́ lè fúnra rẹ̀ dí ojú ibi tó sán. Sìmẹ́ńtì tí omi kò tíì kàn nínú rẹ̀ á tún máa le bí omi bá dé ibẹ̀, nǹkan funfun á sì máa dí ojú ibẹ̀, pàápàá bí kò bá fẹ̀ ju 0.1 sí 0.2 mìlímítà lọ. Tipa yìí ló ń jà mí láyà: ohun tó dí lóru, ṣé kò ní tún ya án bí ilẹ̀ bá mọ́?

Bíríkìlà wa ní ká po sìmẹ́ńtì dà sí i. (Mi ò fẹ́ kó kàn bò ó mọ́lẹ̀ fún mi o.) Ṣé kí n dí ọ̀nà náà, kí n fi àpò tútù bò ó títí yóò fi pé ọjọ́ 28? Aládùúgbò á bínú, ṣùgbọ́n mo lè bá a sọ ọ́. Àbí ojú ibi tó sán yóò ṣì dí bí tipa bá ń kọjá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan? Irin wà nínú rẹ̀.