Ọjọ́ tí mo lọ wo eré máṣíìnì ní Brands Hatch (ìdajì pọ́ìntì péré!)

Ẹ kú ìjókòó o ẹ̀yin ará. Mo ti ń ka ìrírí yín látàná nípa eré ìdíje tí ẹ lọ fojú ara yín wò, ó yá kí n sọ tèmi náà. Kí n tó dé ìlú ọba yìí, ọ̀kadà ni mo fi ń jẹun n'Ìbàdàn, ọdún mẹ́rin gbáko, Mọ́kọ́lá sí Òjóò, Òjóò sí Mọ́níyà, òjò òun ẹ̀ẹ̀rùn, torí náà ta ló fẹ́ sọ fún mi pé mi ò mọ máṣíìnì? Ohun tí mo rò nìyẹn o.

Oṣù kẹwàá 2023, òyìnbó kan tá a jọ ń kó ẹrù níbi iṣẹ́ ní Dartford ní tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ò lè lò mọ́. Ó ní ṣé mo fẹ́ wá wo British Superbike, ìdíje eré máṣíìnì ilẹ̀ Britain, ìpele tó kẹ́yìn lọ́dún náà, ní pápá eré máṣíìnì Brands Hatch. Kò jìnnà sí wa, inú agbègbè Kent náà ni. Mo ní ọ̀fẹ́ ni àbí? Ó ní ọ̀fẹ́ ni. Ha, mo ti wọ bàtà!

Eré mẹ́ta ni wọ́n máa ń sá, ọ̀kan lọ́jọ́ Sátidé, méjì lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Sọ́ńdè la lọ. Òtútù yẹn kì í ṣe ọ̀rẹ́ èèyàn sha. Ibi tó mú mi dúró sí ni kọ́nà kan tí wọ́n ń pè ní Paddock Hill Bend. Ẹ ò lè mọ̀ ọ́n nínú tẹlifíṣọ̀n láéláé. Wọ́n á ti fi eré burúkú dé, wọ́n á yà sọ́tùn-ún, kí ẹ tó ṣẹ́jú ilẹ̀ ti já lábẹ́ wọn bí ìgbà téèyàn ń sọ̀ kalẹ̀ lókè Màpó láìní bíréèkì, orúnkún wọn á máa ha títì, wọ́n á tún pọ́n òkè lọ sí kọ́nà tó kàn, Druids. Èmi tí mo ti ń ṣe fọ́ńté tẹ́lẹ̀, mo di irin mú. Bajaj tí mo gùn ò ju 100cc lọ, 1000cc ni tiwọn, wọn ò sì gba traction control láàyè láti 2012, ìyẹn nǹkan tó ń ká ẹnjìnnì lọ́wọ́ kò kí táyà ẹ̀yìn má bàa yọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ẹ nìkan ló yọ ẹ́.

A tún lọ síbi táwọn mẹkáníìkì wà. Bùláńkẹ́ẹ̀tì oníná ni wọ́n fi wé táyà bí ọmọ tuntun! Nígbà tí wọ́n sì ṣí i, ó ń dán kalẹ̀, kò ní ìlà kankan. N'Ìbàdàn, wọ́n á ti gba máṣíìnì lọ́wọ́ ẹ.

Wàyí o, ẹni méjì ló ń jà du ife ọdún náà, Tommy Bridewell àti Glenn Irwin ọmọ Northern Ireland, tíìmù kan náà ni wọ́n, Ducati kan náà. Orogún inú ilé kan! Paul Bird tó ni tíìmù ọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ kú lóṣù kẹsàn-án, kò ṣojú ẹ̀. Èmi ńkọ́? Orí ìlà ṣípù, ọ̀dùnkún díndín yẹn, ni mo wà nígbà tí eré ìkẹyìn bẹ̀rẹ̀ (ẹ má rẹ́rìn-ín, ebi ni), mo ń fi ike ṣípù sáré padà, gbogbo ayé ti ń pariwo.

Ìgbà tí wọ́n ṣírò pọ́ìntì tí kálukú kó jọ lọ́dún náà tán, Bridewell ló gba ife. Ìdajì pọ́ìntì ló fi jù ú lọ! Gbogbo ọdún tí wọ́n fi sáré o. Mo ní báwo ni pọ́ìntì ṣe ń ní ìdajì, ọ̀rẹ́ mi òyìnbó yẹn ní tí wọ́n bá dá eré dúró kó tó lọ jìnnà, ìdajì ni wọ́n máa ń fún wọn. Ohùn tó fi sọ ọ́ ti yàtọ̀. Àṣé Irwin ló ń tì lẹ́yìn! Mo fún un ní ṣípù, kò gbà, kò sọ̀rọ̀ títí a fi dé Dartford.

Ẹ gbọ́, ọdún kejì ẹ̀, 2024, Brands Hatch yìí kan náà, Kyle Ryde fi pọ́ìntì ẹyọ kan gba ife lọ́wọ́ Bridewell. Èmi ò lọ, iṣẹ́ ni mo wà. Ọ̀rẹ́ mi fi vóìsì ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, mo tẹ̀ ẹ́, kò sọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀, ẹ̀rín lásán ló ń rín.