Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ṣé kí n gba iṣẹ́ casual yìí?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìkòròdú ni mo ń gbé, HND Accounting ni mo ní, mo ti ṣe agùnbánirọ̀ tán láti 2023 àmọ́ n ò tíì ríṣẹ́ gidi kankan, tí wọ́n bá pè mí fún intafíù ní Island màá jí láago mẹ́rin ìdájí kí súnkẹrẹ fàkẹrẹ Mile 12 má bàa ká mi mọ́, tí n bá débẹ̀ wọ́n á ní àwọn máa pè mí, ó parí nìyẹn.

Ní báyìí fakitírì kan ní Odogunyan fẹ́ gbà mí, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sanwó, kò sí lẹ́tà, tí n bá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀ lóṣù kò tó 70,000 náírà tíjọba fi ṣòfin ní 2024 pé ó jẹ́ owó oṣù tó kéré jù. Ọ̀rẹ́ mi tó wà níbẹ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ hàn mí, àpò tí wọ́n ń gbé ti bó o yánnayànna. Màmá mi ní kí n gbà á, òun ló sì ń bọ́ mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe casual rí, ṣé wọ́n máa ń sọni di òṣìṣẹ́ gidi lóòótọ́? Àbí kí n máa bá àwọn oníṣọ́ọ̀bù Sabo ṣe àkáǹtì, èló ni kí n máa gbà? Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n ń retí èsì mi.